Níbo Ni Káínéèsì Ń Gbé Nínú Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé lórí ìrántí àti ìgbàgbé nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé nípa àwọn ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Mo yan márùn-ún nínú wọn, nítorí pé orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń dá lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n kọ wọ́n kò mọ ara wọn.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí nínú ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà inú ara. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní káínéèsì ni wọ́n ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán tí mo rí, ńṣe ni wọ́n ń léfòó káàkiri bí ewé lójú omi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí lóòótọ́, àbí wọ́n ní ibùgbé? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)*

Wọ́n ní ibùgbé, ibùgbé náà ni ó sì ń pinnu iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún àwọn òǹkàwé tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Káínéèsì ni ẹ́ńsáìmù tí ó máa ń já ẹyọ fọ́sífétì kan lára ATP, èyí tí í ṣe owó ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ra agbára, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara purotéènì mìíràn. Fọ́sífétì kéré, ṣùgbọ́n ó ní agbára iná lára, ó ń fa àwọn ohun kan mọ́ra, ó sì ń ti àwọn mìíràn sẹ́yìn, nítorí náà purotéènì tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ yóò yí ìdúró rẹ̀ padà: èyí tí ó ti ilẹ̀kùn lè ṣí i, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ sì lè dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó bá yá, ẹ́ńsáìmù irú mìíràn, fọ́sífatéèsì, yóò wá já fọ́sífétì náà kúrò. Edwin Krebs àti Edmond Fischer, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀nà yìí nínú iṣan ẹran ní àárín àwọn ọdún 1950, gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1992. Ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti ka àkọsílẹ̀ jíìnì ènìyàn, wọ́n to orúkọ káínéèsì 518 jọ.

Ẹ wá wò ó: bí irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ bá ń rìn gbéregbère, tí ó sì ń lẹ fọ́sífétì mọ́ ohunkóhun tí ó bá pàdé, ariwo lásán ni yóò kún inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ṣiṣẹ́ lára oríṣiríṣi purotéènì. Ohun tí ń dín wọn kù sí iṣẹ́ kan ni pé wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ purotéènì kan, wọ́n sì jìnnà sí èkejì. Aṣọ tí ó wà lórí tábìlì télọ̀ ni télọ̀ ń rán.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ara tí núkílíọ̀sì, ilé tí àwọn jíìnì ń gbé, wà nínú rẹ̀, ó ní okùn gígùn kan tí ó fi ń sọ̀rọ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní àkísọ́ọ̀nù, ó sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka tí ó fi ń gbọ́ràn. Lára àwọn ẹ̀ka náà ni àwọn kókó kéékèèké wà, tí ìbú orí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Orí àwọn kókó wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì kan ti ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èkejì, ní ojú ìpàdé tí a ń pè ní síńápúsì.

Káínéèsì tí ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni CaMKII, mo sì fẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá mọ ìrìn rẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1985, Ngozi Erondu àti Mary Kennedy wọn iye rẹ̀ nínú ọpọlọ eku, wọ́n sì rí i pé ó tó ìdá 2 nínú 100 gbogbo purotéènì tí ó wà ní hippocampus, apá ọpọlọ tí ìrántí tuntun kò lè ṣe láìsí i. Ẹ́ńsáìmù kì í sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun ìkọ́lé, bí òpó àti igi àjà, ni a máa ń bá ní irú iye yẹn. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni Kennedy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California ti rí ibi tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbé. Lábẹ́ awọ kókó tí ń gba ọ̀rọ̀, ìpele kan wà tí ó nípọn, tí ó sì dúdú nínú àwòrán maikirosíkóòpù. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé purotéènì kan wà tí ó pọ̀ ju gbogbo èyí tí ó kù lọ nínú ìpele yìí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí í ṣe. CaMKII ni.

Ẹ̀yà méjìlá ni ó para pọ̀ di ẹyọ CaMKII kan, wọ́n sì tò yíká bí ẹni tò ìjókòó yí agbo eré ká. Nígbà tí ara bá balẹ̀, apá kan lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a máa dí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ pa. Bí ọ̀rọ̀ tí ó lágbára bá dé síńápúsì, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní NMDA yóò ṣí, kálísíọ̀mù yóò sì ya wọlé. Purotéènì kékeré kan, kalimọ́dúlìnì, yóò gbá kálísíọ̀mù náà mú, yóò sì lọ tú ẹnu CaMKII sílẹ̀. Ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Èkíní ni pé àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fara kan ara wọn yóò lẹ fọ́sífétì mọ́ ara wọn ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Thr286, èyí yóò sì jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù náà máa ṣiṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí kálísíọ̀mù bá ti kúrò. Èkejì ni pé yóò ṣí kúrò níbi tí ó wà, yóò sì lọ di ìrù ilẹ̀kùn NMDA fúnra rẹ̀ mú, ní apá tí wọ́n ń pè ní GluN2B. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú rẹ̀: ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò ṣáájú rẹ̀ gbọ́ ìròyìn nígbà mìíràn.

Kò tán síbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kì í dúró de kí CaMKII rin ìrìn àjò láti inú ara sẹ́ẹ̀lì wá sí ẹ̀ka. Ó máa ń fi àkọsílẹ̀ tí a fi ń ṣe é, ìyẹn mRNA, ránṣẹ́ sínú ẹ̀ka, kí wọ́n lè ṣe é lójú ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kan gé àdírẹ́sì tí ó wà ní ìdí àkọsílẹ̀ náà kúrò lára àwọn eku kan. Àwọn eku wọ̀nyí ṣì lè ṣe CaMKII nínú ara sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n iye tí ó dé síńápúsì dín kù gidigidi, ìrántí ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọn sì bàjẹ́. Ní tèmi, àyẹ̀wò yìí ni ìdáhùn tí ó mọ́lẹ̀ jù sí ìbéèrè yín, nítorí pé ẹ́ńsáìmù náà kò sọnù, wọn kò sì ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ibi tí ó yẹ kí ó wà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn PKA, káínéèsì mìíràn, yàtọ̀, nítorí pé dídè ni wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Apá méjì tí ń ṣiṣẹ́ àti apá méjì tí ń kó wọn níjàánu ni ó ní, àwọn akóníjàánu wọ̀nyí sì ní ìkọ́ tí àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní AKAP fi ń so wọ́n mọ́ ibi kan pàtó: òmíràn lábẹ́ awọ síńápúsì, òmíràn lára àwọn òpó inú ẹ̀ka. Lára òpó yìí, MAP2 ni ó ń dì í mú, MAP2 sì pọ̀ nínú ẹ̀ka, kò wọ́pọ̀ nínú àkísọ́ọ̀nù, èyí ni ó fi jẹ́ pé púpọ̀ PKA bẹ́ẹ̀ ń gbé ní ìhà ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gbọ́ràn. Bí cAMP, kẹ́míkà tí ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, bá pọ̀ sí i, akóníjàánu yóò jọ̀wọ́ apá tí ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí kò dáwọ́ dúró, díẹ̀ nínú apá yìí yóò rọra wọ inú núkílíọ̀sì, níbi tí yóò ti lẹ fọ́sífétì mọ́ CREB, purotéènì tí ń ṣí jíìnì sílẹ̀ fún kíkà. Káínéèsì mìíràn, ERK, náà máa ń rin irú ìrìn yìí. CaMKIV, ìbátan CaMKII, kò ní ìdí láti rìn jìnnà ní tirẹ̀, nítorí pé inú núkílíọ̀sì gan-an ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbé.

PKC, tí Yasutomi Nishizuka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní Kobe ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1977, ni ó sún mọ́ àwòrán inú ìwé yín jù. Ní àkókò ìsinmi, inú omi sẹ́ẹ̀lì ni a ti ń bá púpọ̀ nínú àwọn oríṣi rẹ̀. Bí kálísíọ̀mù bá dé, tí ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní DAG sì yọ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, yóò sáré lọ lẹ̀ mọ́ awọ náà. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ ni wọ́n yà fún yín, àwòrán ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n yà.

*Olóòtú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí àgbàlagbà tí ń tọpinpin. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Bí nǹkan wọ̀nyí bá kéré tó bí ẹ ṣe máa ń wí, ta ni ó rí wọn, báwo sì ni ó ṣe mọ̀ pé ibi báyìí ni wọ́n wà? (Olùkọ́ àgbà, Abẹ́òkúta)*

Bàbá, ìtọpinpin yín dára. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo lè sọ, ọ̀nà àkọ́kọ́ sì jọ iṣẹ́ ẹlẹ́lùbọ́: a lọ ọpọlọ ẹran kúnná nínú omi dídùn tó tutù, a sì fi ẹ̀rọ tí ń yí fìrìfìrì yà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Núkílíọ̀sì tí ó wúwo yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn orí síńápúsì tí wọ́n já, èyí tí ó fúyẹ́ jù yóò sì kù lójú omi. A óò wá wo káínéèsì nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi rí CaMKII nínú ìpele dúdú tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Ọ̀nà kejì ni láti lo èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dá àjèjì mọ̀. A fún ehoro ní káínéèsì náà lábẹ́rẹ́, ehoro yóò ṣe èròjà tí ń gbá a mú, a óò lẹ àwọ̀ tí ń tàn mọ́ èròjà yẹn, a óò sì dà á sórí ọpọlọ tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá jẹ́ èérún góòlù ni a lẹ̀ mọ́ ọn dípò àwọ̀, maikirosíkóòpù alágbára yóò fi ẹ̀yọ dúdú kọ̀ọ̀kan hàn níbi tí káínéèsì kọ̀ọ̀kan wà. Àbùkù ọ̀nà méjèèjì yìí ni pé òkú ni wọ́n ń yẹ̀ wò, òkú sì máa ń parọ́: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró lọ́pọlọ, kálísíọ̀mù yóò ti ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, CaMKII yóò sì ti rọ́ lọ sí síńápúsì. Ẹni tí ó bá jáfara kí ó tó fi oògùn mú ọpọlọ náà dúró yóò kọ sínú ìwé pé ibẹ̀ ni ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà kẹta fi ṣe pàtàkì. Ẹ̀dá inú òkun kan wà tí ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, tí ó ní purotéènì tí ń tàn bí iná àwọ̀ ewé, tí wọ́n ń pè ní GFP. Osamu Shimomura, Martin Chalfie àti Roger Tsien gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2008. Bí a bá so jíìnì rẹ̀ mọ́ jíìnì káínéèsì, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ yóò ṣe káínéèsì tó gbé àtùpà dání. Kang Shen àti Tobias Meyer ṣe bẹ́ẹ̀ sí CaMKII ní ọdún 1999, wọ́n sì fi ojú rí i nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè: wọ́n fi kẹ́míkà tí ń ṣí ilẹ̀kùn NMDA kan sẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn kálẹ̀ nínú ẹ̀ka sì kóra jọ sí síńápúsì.

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ̀ pé okùn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé ìrora ọmọ ìka ẹsẹ̀ gùn tó mítà kan kí ó tó dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí káínéèsì bá gba ọ̀rọ̀ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, báwo ni núkílíọ̀sì tí ó jìnnà tó yẹn yóò ṣe gbọ́? (Nọ́ọ̀sì, Ilé-Ifẹ̀)*

Ìrora fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro, iná ni ó ń gbé e, ojú kì í sì í pẹ́ ṣẹ́ tí yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ tí ó nílò káínéèsì ni ọ̀rọ̀ bíi «mo wà láàyè, mo ti rí ibi tí mo fẹ́ so mọ́, ẹ má jẹ́ kí n kú». NGF ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, òun ni èròjà tí Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen tìtorí rẹ̀ wà lára ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n gbà ní ọdún 1986. TrkA ni ó ń gbà á ní òpin àkísọ́ọ̀nù; TrkA sì jẹ́ káínéèsì tí orí rẹ̀ wà lóde awọ sẹ́ẹ̀lì, tí ìdí rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ sì wà nínú.

Bí NGF bá ti bà lé e, sẹ́ẹ̀lì yóò ká awọ ibẹ̀ mì, yóò di àpò kékeré tí NGF wà nínú rẹ̀, tí ìdí TrkA sì yọ síta lára rẹ̀, tí ó ṣì ń lẹ fọ́sífétì mọ́ nǹkan bí ó ṣe ń lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dynein yóò wọ́ àpò yìí lórí òpó inú àkísọ́ọ̀nù padà sí ilé. Ìrìn irú èyí máa ń tó 100 sí 200 mìlímítà lójúmọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó kúrò ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ yóò lo bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwòsàn lè ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí a bí láìní ìmọ̀lára ìrora, tí wọn kì í sì í làágùn, tí ibà gbígbóná máa ń dà láàmú, tí wọ́n sì máa ń fi eyín ge ahọ́n ara wọn. Jíìnì TrkA ni ó bàjẹ́ lára wọn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ìbá máa gbọ́ ìrora kú kí wọ́n tó bí wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dé ilé.

*Ẹ káàsán o. Àrùn Parkinson ń ṣe bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní London sọ pé káínéèsì kan tí ó ń jẹ́ LRRK2 ni ó ń fà á, pé kí gbogbo wa lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ bàbá, Ìkòròdú)*

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Òótọ́ ni pé ìyípadà kan lára LRRK2, tí wọ́n ń pè ní G2019S, lè fa àrùn Parkinson, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn kan ní Àríwá Áfíríkà àti láàárín àwọn Júù Ashkenazi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a lára àwọn aláìsàn Parkinson ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní ọdún 2008 àti 2018, wọn kò sì rí i lára ẹnìkan nínú wọn. Èyí tí wọ́n rí lára àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà, tí wọ́n kéde ní ọdún 2023, wà lára jíìnì GBA1, èyí tí kì í ṣe ti káínéèsì rárá. Nítorí náà, ẹ má náwó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kí ẹ tó bá dókítà tí ń tọ́jú bàbá sọ̀rọ̀.

Níti ibi tí wọ́n ń gbé: inú omi sẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ LRRK2 wà, ṣùgbọ́n bí àwọn purotéènì Rab kan bá pè é, yóò lọ sórí awọ àwọn àpò inú sẹ́ẹ̀lì, pàápàá láísósóòmù tí ń jẹ ìdọ̀tí sẹ́ẹ̀lì rà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń lẹ fọ́sífétì mọ́ àwọn Rab mìíràn tí ń darí ìrìn àwọn àpò náà. G2019S ń mú kí ó ṣe àṣejù. Láísósóòmù yìí kan náà ni GBA1 ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni mo ṣe rò pé ojúlé kan náà ni wàhálà méjèèjì wà, bí orúkọ wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Káínéèsì mìíràn tí ọ̀rọ̀ Parkinson kàn ni PINK1, ọgbọ́n ìbùgbé rẹ̀ sì wù mí ju ti gbogbo wọn lọ. Maitokọ́ńdíríà ni ilé iná sẹ́ẹ̀lì. Bí ilé iná kan bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò fa PINK1 wọ inú, wọn yóò gé e, wọn yóò sì pa á run, èyí ni a kì í fi í sábà rí i. Bí ilé iná náà bá bàjẹ́, kò ní lágbára láti fà á wọlé mọ́; PINK1 yóò wá kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà, yóò lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì méjì, ubiquitin àti Parkin, àwọn wọ̀nyí yóò sì di àmì pé kí wọ́n wá kó ilé iná yìí dànù. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn tí ẹ̀dà jíìnì PINK1 wọn méjèèjì bàjẹ́ lè ní àrùn yìí nígbà tí wọn kò tíì darúgbó.

*Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń ta oògùn kan ládùúgbò wa tí wọ́n ní ó ń jí káínéèsì ọpọlọ kí ìwé lè yéni. Ṣé kí n rà á? Àti pé, ṣé obì tí mo ń jẹ tí mo bá fẹ́ kàwé lóru náà ń jí i ni? (Olùdíje JAMB, Òṣogbo)*

Ẹ má rà á. Ẹni tí ó bá jí káínéèsì gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo ti ba ohun tí mo ń kọ láti òkè bọ̀ jẹ́, nítorí pé síńápúsì kan ni ó yẹ kí ó jí, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì máa sùn.

Ti obì yàtọ̀. Kafíìnì inú rẹ̀ kì í fọwọ́ kan káínéèsì ní ìwọ̀n tí ènìyàn ń jẹ. Ojú awọ sẹ́ẹ̀lì níta ni ó ń jókòó sí, níbi tí adenosine, èròjà tí ń mú oorun kunni, ìbá ti jókòó. Nínú striatum, apá ọpọlọ tí ọ̀rọ̀ ìrìn àti ìtara wà, ìjókòó tí wọ́n ń pè ní A2A pọ̀ níbẹ̀, ìdíwọ́ yẹn sì ń yí bí fọ́sífétì ṣe ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan, DARPP-32, padà. Purotéènì yìí ní ojú méjì tí ó gbajúmọ̀: bí PKA bá lẹ fọ́sífétì mọ́ èkíní, yóò ká fọ́sífatéèsì lọ́wọ́ kò, bí káínéèsì mìíràn, Cdk5, bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì, PKA fúnra rẹ̀ ni yóò ká lọ́wọ́ kò. Obì yín ń ti ojú kejì yìí sókè. Ó lè lé oorun lọ, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹyọ CaMKII kan sí síńápúsì tí ẹ kò bá fi ìwé kíkà jí.